Ẹ Má Dáná Sun Eèrà Orí Igi Máńgòrò

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí eruku ọ̀nà rọlẹ̀, tí máńgòrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ Ajílété títí dé Ṣakí, àti láti ibẹ̀ kọjá ààlà títí wọ Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́gbà èso máa ń dáwọ́ lé, iṣẹ́ náà gan-an ni mo sì tìtorí rẹ̀ mú gègé lónìí. Wọn a di imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ mọ́ orí ọ̀pá gígùn, wọn a ṣáná sí i, wọn a sì nà án sókè sí ìtẹ́ eèrà pupa tí ó so rọ̀ láàárín ẹ̀ka, títí ìtẹ́ náà yóò fi jóná tòun ti gbogbo ohun alààyè inú rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó owó kì í fi iná yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Oògùn apakòkòrò ni yóò gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí yóò fi fọ́n igi láti òkè dé ìdí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa kí ara wọn kú oríire pé ọgbà ti mọ́. Èmi kò lè bá wọn dá sí ìkíni yẹn. Ní tèmi, ẹni tí ó pa eèrà yẹn ti pa ọdẹ tí ń bá a ṣọ́ ọgbà láìgba owó oṣù, ó sì ti ṣílẹ̀kùn fún olè tí òun fúnra rẹ̀ kò tí ì rí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Eèrà tí mò ń wí kì í ṣe ìjàlọ tí ń tò lọ lórí ilẹ̀ bí ọmọ ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìkamùdù olóòórùn. Eèrà pupa rúsúrúsú ni, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, akọ́lé-sókè-má-gbẹ́lẹ̀, tí kì í wá ènìyàn níjà bí ènìyàn kò bá gòkè lọ bá a nílé. Àwọn onímọ̀ a máa pè é ní Oecophylla longinoda. Ẹ̀yà ìran rẹ̀ méjì péré ni ó wà láàyè lágbàáyé: tiwa yìí ní Áfíríkà, àti ìbátan rẹ̀ ní Éṣíà àti ní Ọsirélíà.

Ẹni tí ó bá ní sùúrù, kí ó dúró tì wọ́n bí wọ́n ti ń kọ́lé. Àwọn kan yóò tò sí etí ewé kan, wọn yóò fi ẹsẹ̀ di ewé ìhín mú, wọn yóò na ẹnu gbá etí ewé ọ̀hún mú, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Bí àlàfo àárín ewé méjèèjì bá ju gígùn eèrà kan lọ, èkejì a gbá èkíní mú ní ìbàdí, ẹ̀kẹta a gbá èkejì mú, títí wọn yóò fi so kọ́ra di afárá. Ìgbà tí etí ewé bá kan ara wọn tán ni iṣẹ́ ìránṣọ tó dé: àwọn mìíràn yóò jáde wá, olúkúlùkù pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ ní ẹnu, ọmọ tí kò lẹ́sẹ̀ tí kò lójú, wọn a gbé e kan ewé ìhín, wọn a gbé e kan ewé ọ̀hún, nítorí pé láti ẹnu ọmọ náà ni òwú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ń jáde, òwú yìí ni ó sì ń rán ilé pọ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè, ì bá ṣe pé wọ́n gòkè igi máńgòrò ni, wọn kì bá tí wá àpẹẹrẹ lọ sí ibòmíràn.

Ọ̀tá máńgòrò gan-an kò jọ ọ̀tá. Eṣinṣin kékeré kan ni, tí ó tóbi díẹ̀ ju eṣinṣin ilé lọ, tí ìbàdí rẹ̀ tín-ínrín, tí ènìyàn lè rí i lórí èso kí ó má sì kà á kún. Láti Éṣíà ni ó ti wá. Ní ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Kẹ́ńyà. Nígbà tí yóò fi di ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ti dé orílẹ̀-èdè Benin, kò sì pẹ́ tí ó fi gba gbogbo apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan. Abo rẹ̀ a máa fi ìdí ṣóńṣó gún èèpo máńgòrò, a yé ẹyin rẹ̀ sábẹ́ èèpo, a sì fò lọ. Ojú ibi tí ó gún kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹyin a di ìdin, ìdin a máa jẹ ẹran èso láti inú, nígbà tí ara èso ṣì ń dán níta. Ọjọ́ tí obìnrin tí ó rà á lọ́jà bá fi ọ̀bẹ là á ni yóò tó mọ̀ pé ìdin ni òun rù bọ̀ wálé. Bí èso náà bá rẹ̀ sílẹ̀, ìdin yóò jáde, yóò rì sínú iyẹ̀pẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti para dà di eṣinṣin tuntun. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Báwo wá ni oògùn tí a fọ́n sí ara èèpo yóò ti ṣe bá ìdin tí ó wà ní àárín ẹran máńgòrò?

Ibẹ̀ ni eèrà wa ti wọlé. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ kan, Paul Van Mele, Jean-François Vayssières àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, mú ọgbà máńgòrò mẹ́fà ní àyíká Parakou, wọ́n sì ń yẹ èso wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí dé òpin oṣù karùn-ún. Ìbàjẹ́ tí eṣinṣin ṣe kò bára mu rárá: láti ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, níbi tí eèrà pupa ti pọ̀, ó lọ títí dé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí kò ti sí. Kí ẹnikẹ́ni má baà ní bóyá ilẹ̀ ni ó yàtọ̀ tàbí irú máńgòrò, wọ́n tún fi ọgbọ́n dí eèrà lọ́nà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e kí ó má lè dé ara èso kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lára èkejì. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ náà já sí, èso tí eèrà pọ̀ lára rẹ̀ ni eṣinṣin bà jẹ́ kéré jù.

Bí eèrà ti ń ṣe é gan-an ni ó wú mi lórí jù. Ènìyàn a rò pé ńṣe ni ó ń dọdẹ eṣinṣin kiri. Òótọ́ ni pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, yóò gbé e jẹ, bí ìdin bá sì ń jáde bọ̀ láti inú èso láti wọlẹ̀ lọ, yóò gbé òun náà. Ṣùgbọ́n eṣinṣin yá, ó sì níyẹ̀ẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí nígbà tí wọ́n wò ó fínnífínní ni pé èso tí eèrà ti rìn lórí rẹ̀, eèrà ìbáà tiẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, eṣinṣin kì í fẹ́ yé sí i mọ́, nítorí pé eèrà a máa fi òórùn àti omi ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi gbogbo tí ó bá tẹ̀. Eṣinṣin á bà lé e, á gbọ́ òórùn, á sì tún gbéra. Kò sí oògùn tí a rà lọ́jà tí í ṣe irú iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́, láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, láìjẹ́ pé òjò fọ̀ ọ́ dànù tí a sì tún ní láti ra òmíràn.

Àwọn ará Ṣáínà ti mọ èyí ṣáájú wa ní ọjọ́ pípẹ́. Ìwé kan tí wọ́n ní Ji Han kọ ní ọdún 304 sọ ọ́ pé àwọn ènìyàn gúúsù ilẹ̀ náà a máa ta eèrà pupa lọ́jà, tòun ti ìtẹ́ rẹ̀, fún àwọn tí ó ní ọgbà ọsàn, àti pé ọsàn tí kò bá ní eèrà lára, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́ tán. Wọn a tún fi ọparun so igi mọ́ igi kí eèrà lè rí ọ̀nà kọjá. Tiwa wà lórí igi láìjẹ́ pé a rà á, àwa sì ń ná owó láti pa á.

Mo mọ ohun tí àgbẹ̀ yóò sọ, mi ò sì ní fojú tín-ínrín rẹ̀. Yóò ní, "Ìwọ tí o jókòó sídìí tábìlì tí ò ń kọ̀wé, gun igi náà wò." Eèrà náà a máa buni jẹ lóòótọ́, a sì tún máa tu omi kíkan sí ojú ibi tí ó bù jẹ, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí a ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti ká èso kì í fẹ́ gòkè bí wọ́n bá rí ìtẹ́. Síbẹ̀, àwọn tí ó ti ń bá eèrà gbé mọ ọgbọ́n rẹ̀: wọn a fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí eèrà má lè lẹ̀ mọ́ ara, wọn a fi ọ̀pá tí ó ní àpò lẹ́nu ká èso láti ilẹ̀, wọn a sì jí lọ ní kùtùkùtù nígbà tí ara eèrà kò tí ì yá. Ìnira ọjọ́ mélòó kan nígbà ìkórè ni mo fi wé èso tí ó bàjẹ́ láti oṣù karùn-ún lọ, mi ò sì rí i pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣiyèméjì.

Ẹ̀sùn kejì lágbára ju ìyẹn lọ. Eèrà yìí fẹ́ràn omi dídùn tí àwọn kòkòrò kan ń tọ̀ sára ewé, nítorí náà yóò máa dáàbò bo àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀tá wọn dé ọ̀dọ̀ wọn. Òótọ́ ni, ọlọ́gbà sì gbọ́dọ̀ máa fojú sí i. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo eèrà kò ṣe é kà sí ọ̀kan. Lórí kòkó, àwọn eèrà dúdú kan wà tí ń ṣìkẹ́ kòkòrò funfun tí ń gbé àrùn tí ń wú ẹ̀ka kòkó kiri, àrùn burúkú tí ó mú kí ìjọba òyìnbó gé àìmọye igi kòkó lulẹ̀ nígbà ayé àwọn baba wa, tí ó sì dá ìjà ńlá sílẹ̀ láàárín ìjọba náà àti àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀. Mi ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ pé kí ó máa kó eèrà eléyìí-ò-kàn-mí wọ inú oko. Ohun tí mò ń wí ni pé kí á dá ọ̀rẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀tá kí á tó ṣáná.

Oògùn kì í dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo àléébù rẹ̀ wà. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé; oògùn apakòkòrò a gé gbogbo ìka, a sì tún gé ọwọ́. Àwọn olóko ọsàn ní California jẹ ìyà èyí lẹ́ẹ̀kan. Kòkòrò onífùfú funfun kan tẹ̀ lé igi wá láti Ọsirélíà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo ọgbà wọn di ahoro, títí wọ́n fi rán onímọ̀ kòkòrò kan, Albert Koebele, lọ sí Ọsirélíà ní ọdún 1888 láti wá ohun tí ń pa á jẹ ní ilẹ̀ ibi tí ó ti wá. Ó rí i: kòkòrò pupa kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí àmì dúdú wà lára rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó fi ránṣẹ́ sílé, ṣùgbọ́n kí ọdún méjì tó pé, ọsàn ti padà sí ààyè rẹ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún bí àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀, títí oògùn DDT fi dé lẹ́yìn ogun Hitler, tí gbogbo ènìyàn ń yìn ín pé kò sí irú rẹ̀. Wọ́n fi fọ́n ọgbà. Ó pa kòkòrò pupa náà tán, ni onífùfú funfun tí a ti gbàgbé bá tún gbérí, tí ó tún bo igi. Ìgbà tí wọ́n dáwọ́ oògùn dúró tí wọ́n sì dá kòkòrò pupa padà ni àlàáfíà tó dé. Nílé wa níhìn-ín, a kò tí ì gbàgbé oògùn Gàmàlín, tí a ní kí á fi pa kòkòrò orí kòkó, tí àwọn aláìláàánú sì gbé lọ sódò láti fi pa ẹja tí wọ́n ń tà fún wa jẹ.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé àwa náà ti ní ìtàn tiwa tí ó dára ju ti California lọ, a kò kàn sọ ọ́ fún ọmọ wa ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kòkòrò funfun kan, tí ara rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n da èlùbọ́ lé e, dé láti ìhà Íńdíà sí Tógò, Gánà àti Benin. Ó bo abẹ́ ewé máńgòrò, ó ń fa omi ara igi mu, ó sì ń tọ omi dídùn sílẹ̀ tí èbu dúdú fi hù sórí gbogbo ewé, títí tí igi fi dúdú bí ìdí ìkòkò tí kò sì so mọ́. Máńgòrò tí àwọn ènìyàn ń sá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà oòrùn di ohun tí wọ́n ń sá fún, nítorí omi lílẹ̀ tí ń kán sí wọn lórí. Àwọn kan gé igi tí bàbá wọn gbìn. Ṣùgbọ́n ní Íńdíà, kòkòrò kan náà wà, kò sì sí ẹni tí ń sunkún nítorí rẹ̀, torí pé agbọ́n kan wà níbẹ̀ tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tí í yé ẹyin rẹ̀ sínú ara kòkòrò funfun náà, tí ọmọ rẹ̀ yóò sì jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi ku èèpo lásán. Wọ́n gbé agbọ́n yìí wá, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Tógò ní ọdún 1987. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn káàkiri. Ìyẹ́ ara rẹ̀ gbé e kọjá ààlà láìgba ìwé ìrìnnà. Ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2002 fi hàn pé ní orílẹ̀-èdè Benin nìkan, èrè tí ó ti ara rẹ̀ wá tó mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ́dọọdún, nígbà tí gbogbo owó tí wọ́n ná sí i kò pé mílíọ̀nù 4.

Ti ẹ̀gẹ́ ń kọ́? Ìlú Ìbàdàn ni iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀, ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, níbi tí wọ́n ti tú agbọ́n tí wọ́n mú wá láti Paraguay sílẹ̀ ní ọdún 1981 láti gba ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ kòkòrò funfun tirẹ̀. Hans Herren tí ó ṣíwájú iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995 nítorí rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá da omi sí gàrí lónìí jẹ agbọ́n náà ní gbèsè ọpẹ́. Síbẹ̀, èmi kò tí ì gbọ́ orin kan tí a fi kì í, àwa tí a ń kì ọlọ́pàá ojú títì.

Kí irú agbọ́n bẹ́ẹ̀ tó lè gbé lọ́gbà, ó ní láti rí nǹkan jẹ. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń jẹ kòkòrò. Òun tí ó dàgbà, omi òdòdó ni í mu. Ọgbà tí a ro títí kò fi ku ewéko kan, tí a gé gbogbo igbó etí rẹ̀ dànù nítorí kí ó lè dùn ún wò, ọgbà ebi ni fún un. Olùrànlọ́wọ́ mìíràn, ilé ni ó ń wá, àwọn olóko àjàrà ní àfonífojì Napa ní Amẹ́ríkà sì ti mọ èyí débi pé wọ́n ń kan àpótí igi mọ́ orí òpó fún òwìwí kí ó lè máa gbé láàárín àjàrà wọn, kí ó sì máa bá wọn kó eku. Ní Màléṣíà, tí ọ̀pẹ ilẹ̀ wa ti lọ di ọlọ́lá, àpótí òwìwí ni wọ́n kàn sí oko ọ̀pẹ. Bí òwìwí bá bà lé òrùlé wa níhìn-ín, òkò ni. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù nítorí eku. Ṣùgbọ́n ẹni tí òkété ń jẹ ọmọ ọ̀pẹ rẹ̀ lóru, tí ó sì ń lé òwìwí, ó yẹ kí ó tún inú ara rẹ̀ rò.

Mo di ẹ̀bi tí ó pọ̀ jù lé ìjọba lórí, kì í ṣe àgbẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ètò ìrànwọ́ fún àgbẹ̀, àpò ajílẹ̀ àti ìgò oògùn ni a máa ń rí nínú fọ́tò. A kò rí òṣìṣẹ́ kan tí a rán lọ sí oko láti fi ìtẹ́ eèrà han ènìyàn. Ilé ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́ ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975. Ó yẹ kí ohun tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ máa dé etí àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn lórí rédíò, ní èdè tí ó gbọ́, kí ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ń ta oògùn sọ fún un má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ owó ni pẹ̀lú. Bí wọ́n bá bá ìdin eṣinṣin yìí nínú máńgòrò ní èbúté Yúróòpù, wọn a kọ gbogbo ẹrù náà. Bí wọ́n bá sì bá oògùn tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ, wọn a kọ ìyẹn náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2015. Àgbẹ̀ wà láàárín ìdin àti oògùn, eèrà ni ó sì lè mú un kọjá láàárín méjèèjì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò, kí ó wá ìtẹ́ lórí ọsàn tàbí obì tí ó wà ní etí igbó, kí ó gé ẹ̀ka náà ní kùtùkùtù sínú àpò, kí ó sì so ó mọ́ máńgòrò rẹ̀. Agbo kan náà ni kí ó ti kó wọn, nítorí pé bí ó bá pa agbo méjì pọ̀, wọn yóò jà títí ọ̀kan yóò fi run. Kí ó ta okùn láti igi dé igi kí wọ́n lè rí ọ̀nà, kí ó sì kó gbogbo èso tí ó bá bọ́ sílẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, kí ó dì í lẹ́nu pa, kí ó gbé e sínú oòrùn títí ìdin inú rẹ̀ yóò fi kú. Lẹ́yìn náà, kí ó tọ ẹni tí oko wọn jọ pààlà lọ, kí ó bẹ̀ ẹ́ pé ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ òun kọ́ ni kí ó máa fọ́n oògùn.